Ìbò Tí Àbúrò Mi Kò Dì

Àbúrò mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí fóònù. Láti kékeré ni ohùn rẹ̀ ti ju ara rẹ̀ lọ, ohùn yẹn náà ló sì gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nítorí náà, nígbà tí mo jáde láti ilé ìdáná tí mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, tó ń sọ pé, “Ó dáa, ó dáa, mo ń bọ̀ níbẹ̀,” tó sì pa fóònù bó ṣe rí mi, ara fu mí. Mo bi í pé ta ni. Ó ní ẹni tó fẹ́ wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni. Ẹ̀rọ amúlétutù náà sì wà lókè orí wa níbẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wa lára, kò sí ohun tó ṣe é.

Mo padà sí ilé ìdáná, mo lọ da omi gbígbóná sí tíì mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa, iṣẹ́ yẹn kò sì fàyè gba ẹni tó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́. Aboyún á ní inú ò tíì máa run òun, bẹ́ẹ̀ orí ọmọ ti ń yọ. Ọkọ á ní òun ń bọ̀ kíákíá, kó tó dé, ọmọ ti ń rìn. Dókítà á ní òun ti wà lójú ọ̀nà, àwa sì mọ̀ pé ojú ọ̀nà tó ń sọ yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ọkàn tán gbogbo wọn, ọmọ ọlọ́mọ á kú sí i lọ́wọ́. Bí mo ṣe mọ́ ọn lára láti máa fura nìyẹn, mi ò sì tíì rí ìdí tí mo fi máa tọrọ àforíjì lórí ẹ̀.

Ohun tó gbé mi dé ilé àbúrò mi ní olú-ìlú náà ni pé ìjọba ti mú àbá òfin kan wá. Wọ́n fẹ́ ti gbogbo ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké pa, kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Tí wọ́n bá ń kà á lórí rédíò, ó máa ń dùn. Ṣùgbọ́n láti ìlú wa dé ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ wa jù lọ, òkè ni, odò ni, ọ̀nà jágajàga ni. Mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó ń rọbí kó tó gòkè yẹn tán. Àbúrò mi náà mọ̀. Ó ti dúró níwájú gbogbo ìlú, ó ti fi ohùn rẹ̀ yẹn sọ pé òun máa dìbò lòdì sí i, àfi bí òun ò bá sí láyé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn ràn-ìn kí n tó kúrò nílé. Wọ́n ní wọ́n ń rí i pẹ̀lú Ẹlẹ́rìn-ín.

Aṣòfin ni Ẹlẹ́rìn-ín náà, láti ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Wọ́n fún un lórúkọ yẹn nítorí pé ẹ̀rín ló máa ń rín nígbà tó bá ń bú ènìyàn. Òun ló ń ti àbá òfin yìí lẹ́yìn jù. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti wọ ilé ìgbìmọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń ta ọ̀rọ̀ síra wọn, wọ́n á na ìka síra wọn lójú, tẹlifíṣọ̀n á sì gbé e jáde. Kí ni irú wọn wá ń bá ara wọn ṣe ní kọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ṣe jẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ni tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fi í jẹ akọ̀wé nítorí pé òun nìkan ni ohùn rẹ̀ lè bo ti ọ̀gá àgbà mọ́lẹ̀ nípàdé, ibẹ̀ ló sì gbà bọ́ sínú òṣèlú. Kẹ̀kẹ́ ló fi polongo ìbò àkọ́kọ́, ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ kan tó ń ké fínfín, tí ènìyàn máa ń gbọ́ kó tó rí ẹni tó ń gùn ún. Èmi ni mo ń wọ ilé àwọn obìnrin. Ọwọ́ mi ni púpọ̀ nínú wọn bímọ sí, ojú ń tì wọ́n láti ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi. Ó wọlé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, Abẹnugan ní kó jókòó, pé ìdí àga ẹlòmíì ló dúró sí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ wá àga tirẹ̀, ó jókòó sí i, ó sì tún dìde, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tó ti dánu dúró.

Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń dìbò dá a padà síbẹ̀. Ó bá wa gba omi ẹ̀rọ, ó bá wa gba afárá. Ó di alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà. Ibẹ̀ ni irun rẹ̀ ti funfun, ẹnu iṣẹ́ náà ló wà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ní gbogbo ọdún yẹn, bó bá ti wálé, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣé bàtà tuntun nìyí? Ta ló fún un ní aago yẹn? Ó mọ̀. Á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.” Mi ò kì í bá a rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ọmọlúàbí tí ipò bà jẹ́, mi ò fẹ́ kí ọ̀kan ti inú ilé wa jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹrù mi, tí mo ní mo wá kí i.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, ó jáde lọ́sàn-án pẹ̀lú àpò ọsàn kan. Nígbà tó padà, kò sí àpò, kò sí ọsàn. Mo gba kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a gbé e kọ́, mo fi imú sí i. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni. Mo ti gbé pẹ̀lú òórùn yẹn ju bí mo ti gbé pẹ̀lú ọkọ mi lọ, mi ò lè ṣì í mọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé bóyá ara rẹ̀ ò yá, tó ń fi pamọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà mo ní bóyá nọ́ọ̀sì kan ló rí. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí nọ́ọ̀sì náà ti kọ́ṣẹ́ ni.

Mo lọ bá awakọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń fọ mọ́tò.

“Níbo lo gbé ọ̀gá rẹ lọ?”

“A kàn yí po ni, Màmá.”

“Ẹ gbé ọsàn yí po?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ta ló jẹ ọsàn náà?”

Ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn. Ó ní ó dà bíi pé ó fẹ́ atẹ́gùn.

Ẹni tó wá da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ mi lójú pátápátá ni ọ̀gbẹ́ni tó ń kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jọ fún ìbò. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn nílé ìgbìmọ̀, kó mọ ẹni tó máa wá àti ẹni tó fẹ́ yẹ̀. Ó yà sílé nígbà tí àbúrò mi ò sí níbẹ̀, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ní àwọn àti ẹgbẹ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, pé ẹnì kan ṣoṣo tó bá yẹ̀, òfin wọlé nìyẹn.

Ó ní, “Màmá, ṣé ọkàn yín balẹ̀ lórí àbúrò yín?”

Mo ní, “Ọkàn mi kì í balẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé inú. Ó ní òun kàn ń béèrè ni. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo jókòó sí pálọ̀ yẹn. Mo rántí kẹ̀kẹ́ tó ń ké. Mo rántí gbogbo ilé tí mo wọ̀ nítorí rẹ̀. Mo ní bí ọmọ yìí bá ti ta wá, èmi fúnra mi ni màá sọ fún ìlú, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Nígbà tó tún gbé ọsàn jáde, mo ti wà ní ìkóríta, mo ti dá takisí dúró. Mo ní kí onítakisí tẹ̀ lé mọ́tò tó ń lọ yẹn, kó má sún mọ́ ọn jù.

Onítakisí ní, “Ṣé ọkọ yín ni, Mà?”

“Àbúrò mi ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ,” ló wí, ó sì yí sítíárìn.

Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n já sí lóòótọ́. Mo tẹ̀ lé e gòkè, mo ń di irin àtẹ̀gùn mú nítorí orúnkún mi. Yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wọ̀. Gíláàsì kékeré kan wà lára ìlẹ̀kùn náà, mo yọjú. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni Ẹlẹ́rìn-ín. Àbúrò mi sì jókòó tì í, ó ń bó ọsàn, ó ń yọ kóró rẹ̀ kúrò, ó ń fi í sí i lẹ́nu ní ẹyọ ẹyọ.

Mo ti ìlẹ̀kùn. Àbúrò mi wò mí, ó wo ọsàn ọwọ́ rẹ̀.

Mo ní, “Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe rèé?”

Ó dìde, ó fà mí jáde sórí bẹ́ńṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kàn mí, kó kàn sọ ohun tí wọ́n fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò tíì rí i kó wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Mo ti so ara mi mọ́ ọn ni.”

Bó ṣe ṣàlàyé àṣà ilé ìgbìmọ̀ náà fún mi nìyí. Bí aṣòfin kan bá ń ṣàìsàn tí kò lè wá dìbò, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì, tó yẹ kó dìbò lòdì sí tirẹ̀, lè ṣe àdéhùn pé òun náà ò ní wọlé lọ́jọ́ náà. Ìbò kan á pa ìkejì rẹ́. Ìsomọ́ra ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kì í pe ẹlẹ́rìí sí i. Ẹnu nìkan ni, àti bíbọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá da irú àdéhùn yẹn, kò sí ẹni tó tún ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé náà mọ́, títí kan àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àbúrò mi kò sì tíì sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ torí ó mọ̀ pé wọn ò ní gbà fún un.

Mo ní, “Àwọn obìnrin ìlú wa lo wá fi ń ṣe àdéhùn.”

“Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Òun ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ì bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí àwa méjèèjì ò bá sí níbẹ̀, kò dín, kò lé.”

“Bí òun nìkan ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní, “Ó lé. Àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kó dá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á gbé e wá dìbò bó bá tiẹ̀ máa kú sójú ọ̀nà. Torí pé mo so ara mi mọ́ ọn ni wọ́n fi fi í sílẹ̀.”

Mo ní kí wọ́n gbé e, kí ló kàn wá. Inú ń bí mi gan-an, mo sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi. Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tí mi ò mọ̀ rí. Ó ní lọ́jọ́ tí ìyàwó òun ń kú lọ, ìbò wà nílé ìgbìmọ̀, ìbò ọ̀nà tó gba ìlú wa kọjá, ẹgbẹ́ òun sì ti ní àfi kí òun wá dandan. Ẹlẹ́rìn-ín ló pè é. Ó ní kó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, pé òun náà ò ní wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín pè é ní ọ̀dàlẹ̀ fún oṣù mélòó kan lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

“Ọwọ́ ìyàwó mi wà lọ́wọ́ mi títí ó fi dákẹ́,” ni àbúrò mi wí. “Ohun tó fún mi nìyẹn. Ẹ ní kí n sọ ohun tí wọ́n fún mi.”

Mo wà níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, mo rí Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́yìn èrò, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà pé ó wá yọ̀ wá ni.

Mo wọlé lọ kí i. Ẹ má rò pé mo kàn kí i lásán. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wú. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí, èémí náà ń fà. Mo fọwọ́ kan ìka rẹ̀, ó tutù. Àìsàn náà kì í ṣe eré. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá, ẹ ti wá yẹ̀ mí wò. Ó ti sọ fún mi pé ẹ̀ ń fura sí òjò.” Mo bi í lójú korojú pé ṣé kò ní lọ dìbò. Ó ní, “Ẹ wo ẹsẹ̀ yìí, Ìyá. Ibo ló fẹ́ gbé mi lọ? Ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò yín ti parí.” Ó di ọwọ́ mi mú fún ìgbà pípẹ́.

Mo gbà á gbọ́. Èmi náà nìyẹn. Nígbà tí a padà sílé, mo tiẹ̀ ra ọsàn fún àbúrò mi pé kó gbé e lọ bá a lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ ìbò, mo lọ jókòó sí òkè gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ya sọ́tọ̀ fún àwọn ará ìlú. Wọ́n á ti kìlọ̀ fún ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, bí ó bá wúkọ́ jù wọ́n á mú un jáde. Ìsàlẹ̀ ni àwọn aṣòfin wà, lórí àga aláwọ̀ ewé tí ìjókòó ti jẹ aṣọ ara wọn. Àga àbúrò mi ṣófo. Ó ti sọ fún mi pé nílé oúnjẹ tó wà lábẹ́ ilé ni òun máa wà, torí àṣà ni pé ẹni tó bá so ara rẹ̀ mọ́ ẹlòmíì kì í dúró nítòsí gbọ̀ngàn, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi ipá wọ́ ọ wọlé. Mo wo àga kejì, ti Ẹlẹ́rìn-ín. Òun náà ṣófo. Ọkàn mi balẹ̀.

Wọ́n lu agogo. Bí agogo yẹn bá ń dún lọ́wọ́, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni lè sáré wọlé. Bó bá ti dákẹ́, wọ́n á ti í, kò sí ẹni tó tún lè wọlé títí ìbò á fi parí. Àwọn tó fara mọ́ òfin ń tò sí ọ̀tún, àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń tò sí òsì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kó wọn jọ ń yí orí káàkiri, ó ń wá àbúrò mi, òógùn bò ó.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni kẹ̀kẹ́ aláìsàn, lẹ́yìn náà ni bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ni ojú Ẹlẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tì í lọ sí ọ̀tún. Kò wo òkè, kò wo ẹ̀gbẹ́.

Mi ò pariwo. Mo dìde. Mo tẹ àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀ kọjá, mo bọ́ sórí àtẹ̀gùn, mo ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi yìí, agogo náà ń dún lórí mi. Mo bá àbúrò mi níwájú ife tíì, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo ní, “Wọ́n ti gbé e wọlé.” Kò bi mí pé ta ni. Ó dìde tòun ti ìgò ojú rẹ̀ lọ́wọ́, ó sáré. Ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa sáré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, gbogbo ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́.

Aṣọ́nà ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ọdún tó ti wọlé. Ó fi ara dí ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Agogo ti dákẹ́.”

Àbúrò mi ní, “Mo mọ̀.” Ó gbé ọwọ́ lé igi ilẹ̀kùn náà, ó fi í síbẹ̀.

Ìbò kan ṣoṣo ni òfin náà fi wọlé.

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn náà jáde gba ọ̀dọ̀ wa. Ẹlẹ́rìn-ín ń mí bí ẹni tó gun òkè. Nígbà tó rí àbúrò mi, ó ní kí wọ́n dúró. Ó ní, “Wọ́n ní ọmọ mi ló máa gba àga mi bí mo bá wá.” Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò bẹ̀bẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ti yọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, ó fà á bò ó padà, ó sì rìn lọ. Èmi ì bá ti fa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà ya.

Ìròyìn ti dé ìlú kí àwa tó dé. Wọ́n ní aṣòfin wa sá fún ìbò, wọ́n ní ó ń mu tíì nígbà tí wọ́n ń ti ilé ìgbẹ̀bí wa pa. Ìlú pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ìlú wa. Àbúrò mi lọ, ó dúró, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìbo ara rẹ̀ láṣìírí, láìbú Ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pòṣé. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn bi í pé irú àdéhùn wo ni kò ní ìwé, tí kò ní ẹlẹ́rìí. Ẹlòmíì ní kó lọ sọ ìyẹn fún àwọn aboyún.

Mo dìde. Mo ní ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀. Ilé pa lọ́lọ́, torí wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tí mi ò kì í fura sí, wọ́n sì mọ̀ pé mi ò gbè sẹ́yìn àbúrò mi rí lórí ohun tí kò dáa. Mo ní mo fura sí i ju bí wọ́n ti fura sí i lọ. Mo ní mo fi imú gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀, mo gbé takisí tẹ̀ lé e. Mo sọ ti ọsàn, mo sọ ti ìyàwó rẹ̀, mo sọ bí èmi fúnra mi ṣe di ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín mú tí mo sì gbà á gbọ́. Mo ní wọn ò fún ọmọkùnrin yìí ní nǹkan kan.

Ẹni tó dá mi lóhùn ni nọ́ọ̀sì tó gba ipò mi nílé ìgbẹ̀bí. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì dìde padà.

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ilé rẹ̀ lẹ wà ní olú-ìlú, oúnjẹ rẹ̀ lẹ ń jẹ níbẹ̀. Bó bá tún wọlé, ìdílé yín náà ló wọlé. Ẹ má bínú, Mà. Kí ni wọ́n fún ẹ̀yin náà?”

Kò sí ẹni tó bá a wí. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, ojú àwọn obìnrin tí mo gbẹ̀bí fún, ojú àwọn ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà, gbogbo wọn ń wò mí bí mo ṣe máa ń wo ènìyàn. Ní gbogbo ayé mi, mi ò tíì sọ òótọ́ kí n sì máa dún bí òpùrọ́ létí ara mi rí.

Àbúrò mi dìde. Mo rò pé ó máa lo ohùn rẹ̀ ni. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló sọ̀rọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti na ọrùn.

“Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ẹ ní nítorí kí n lè padà lọ ló ṣe ń jẹ́rìí mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fi àga náà sílẹ̀ lónìí. Mi ò ní du ipò kankan mọ́ nílùú yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nílé wa. Mi ò ní padà. Ní báyìí tí kò sí ohun tó máa rí gbà níbẹ̀ mọ́, ẹ tún bi í.”

Ó mú fìlà rẹ̀ lórí àga, ó gba àárín wọn kọjá, ó jáde.

Nọ́ọ̀sì náà ṣì wà lórí ìdúró. Ó ní, “Ìyá, ṣé òótọ́ ni?”

Mo ní, “Òótọ́ ni.” Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Mo sọ bó ṣe sáré, mo sọ bó ṣe gbé ọwọ́ lé igi ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò pòṣé. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, nọ́ọ̀sì náà ti fi etí aṣọ rẹ̀ bo ojú. Alága ìpàdé wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí àwọn ọkùnrin méjì kan dìde, kí wọ́n sáré lọ bẹ aṣòfin, kí wọ́n pè é wọlé padà, pé ìlú ti gbọ́.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, torí ó ti sọ pé òun ò ní padà.